Irin Èéfín Tí Hùmúàní Fi Ránṣẹ́

Adéwọlé, Ìlọrin
14 Oṣù Kọkànlá, 1991

Hùmúàní ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá ọ gbé níbi tó o wà. Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá ò ń jẹun, nítorí nínú àwòrán tó o fi ránṣẹ́ kẹ́yìn, ọrùn rẹ gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ní kámẹ́rà ló fà á. Kò gbà.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló mú mi jókòó kọ̀wé. Ọkọ̀ tó o fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà ń sáré, n kò purọ́. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi wa àwọn ọ̀gá ìjọba kiri kí n tó fẹ̀yìn tì, n kò jókòó sídìí ọkọ̀ tó ń fà báyìí rí. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ lórí òkè, tọ́bò rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, á dún fín-ín, ọkọ̀ á fò síwájú bí àgbò tí wọ́n tú okùn lọ́rùn rẹ̀. Àmọ́ láti bí oṣù méjì sẹ́yìn ló ti ń pariwo. Tí mo bá ṣíná sí i láàárọ̀, á máa ké tẹ́-tẹ́-tẹ́-tẹ́ bí ẹ̀rọ ìlọta. Tó bá gbóná tán, ariwo náà á rọlẹ̀. Jídé, mẹkáníìkì tó wà lẹ́yìn Ọ̀fà Garage, ṣí i wò. Ó ní irin tó ń gba èéfín lára ẹ́ńjìnnì tó ń gbé e fún tọ́bò, èyí tí wọ́n ń pè ní mánífóòlù, ti sán. Ó gbé e lọ bá wẹ́dà, wẹ́dà jó o. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé, ó tún sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti jó o. Wọ́n tún un jó, ó tún sán. Jídé ní irin yẹn kì í gba jíjó.

Nítorí náà, bá mi wá ojúlówó rẹ̀ níbẹ̀. Ìṣirò owó ni mo rán ọ lọ kọ́, o wá di ẹni tó ń ta bóòtù àti nọ́ọ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yà ọkọ̀. Ó dáa, jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù náà ṣe wá láǹfààní díẹ̀. N kò bínú o. Mo kàn ń sọ ọ́ ni.

Ara ìyá rẹ kò fi bẹ́ẹ̀ le. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tíì kún tán láti ìgbà àìsàn ọdún tó kọjá. Orí ń fọ́ ọ, ojú ń yí i. Kò fẹ́ bá mi lọ sí oko ní Oke-Oyi mọ́, ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá lọ ni orí òun máa ń fẹ́ là. Mo ní oòrùn ni. Àgbàdo ti wọlé, iṣu ṣì wà nílẹ̀.

Alhaji Shehu, ará ilé kejì wa, ń béèrè ìgbà tó o máa wálé. Èmi náà ń béèrè. Ọmọbìnrin kì í pẹ́ tó báyìí lẹ́yìn odi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àbdùlkàdírì


Houston, Texas
9 Oṣù Kejìlá, 1991

Bàbá mi àti Ìyá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú iṣẹ́ oko. Mò ń jẹun o. Ìyá mi, ọrùn mi kò gùn, aṣọ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà ni kò ní kọ́là.

Bàbá mi, ohun tí Jídé sọ rí bẹ́ẹ̀. Tí irin náà bá tutù, ojú ibi tó sán á là sílẹ̀, èéfín á máa gba ibẹ̀ jáde, òun ló ń ké. Tó bá gbóná, irin á fẹ̀, ojú náà á pa dé díẹ̀. Kì í pa dé tán. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n jó o mọ́. Mo ti béèrè ojúlówó rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà kò rọ irú rẹ̀ mọ́. Àmọ́ àwọn kan wà tí wọ́n ń rọ ọ́ lọ́tọ̀, tiwọn tiẹ̀ nípọn ju ti àtijọ́ lọ. Mo ti ní kí wọ́n bá mi mú ọ̀kan wá. Á pẹ́ díẹ̀.

Mo fi oògùn ẹ̀jẹ̀ sínú páálí kékeré fún Ìyá mi. Kí wọ́n máa lò ó lẹ́yìn oúnjẹ. Kí wọ́n má dúró lóòrùn.

Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Nínú ìwé mẹ́ta tí ẹ kọ kẹ́yìn, kò sí èyí tí ẹ kò ti mẹ́nu kan bóòtù àti nọ́ọ̀tì. Mo ṣì ń lọ sí kíláàsì ní ìrọ̀lẹ́. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì ló ń san owó kíláàsì náà, àwọn náà ló sì ra ọkọ̀ tí ẹ ní ó ń fò bí àgbò.

Ọmọ yín,
Hùmúàní


Adéwọlé, Ìlọrin
2 Oṣù Kìn-ín-ní, 1992

Hùmúàní,

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun tó jẹ́ ká rí ọdún tuntun àwọn olóyìnbó. Mo ti ka ìwé rẹ. Ohun tó o sọ nípa bóòtù àti nọ́ọ̀tì, mo ti gbọ́. Ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kí n sọ. Sátidé tó kọjá, mo rọ ìyá rẹ títí ó fi bá mi lọ sí Oke-Oyi, nítorí òun ló mọ iye iṣu tí a ó yà sọ́tọ̀ fún gbígbìn. Ọyẹ́ ọdún yìí le. Eruku bo ọ̀nà débi pé àwọn ọkọ̀ ń tan iná lọ́sàn-án. Nígbà tí à ń bọ̀, mo yí gbogbo gíláàsì sókè. Ìyá rẹ ń sọ̀rọ̀ ewúrẹ́ kan tó bímọ tí kò fẹ́ kí ọmọ mu ọmú. Nígbà tó yá, ó dákẹ́. Mo rò pé ó ti sùn. Èmi ṣì ń dá a lóhùn ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ lọ.

Nígbà tí a délé, mo ní, "Ìyá Hùmúàní, a ti dé o." Kò fọhùn. Mo fọwọ́ kàn án, orí rẹ̀ ṣubú sí èjìká. Mo ké. Alhaji Shehu sáré jáde, Àìṣà tíṣà sáré jáde láti ilé tó kọjú sí wa. A gbé e sórí ẹní lábẹ́ igi dóńgóyárò, Àìṣà ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó pẹ́ kó tó lajú. Ó bì. Ó wá ní, "Ta ló tú gèlè mi?"

Ní ọsibítù, wọ́n ní ibà ni, wọ́n tún ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́. Èmi pàápàá, orí fọ́ mi lọ́jọ́ náà títí ilẹ̀ fi mọ́, inú mi ń rú. Ìdààmú ni.

Wọ́n ní dókítà àgbà kan wà ní Ìbàdàn tó mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀. Àlàrùbá tó kẹ́yìn oṣù yìí ni wọ́n ní kí a wá. Èmi fúnra mi ni n ó wà á lọ. N ó tẹ́ fóòmù sí ẹ̀yìn ọkọ̀ kó lè dùbúlẹ̀, n ó sì ti gbogbo gíláàsì pa kí ọyẹ́ má fẹ́ sí i. Má ṣe dààmú ara rẹ. Ṣé o ti rí irin náà?

Bàbá rẹ


Houston, Texas
31 Oṣù Kìn-ín-ní, 1992

Bàbá mi,

Ẹ forí jì mí pé n kò kí yín kí n tó sọ̀rọ̀. Ẹ má gbé Ìyá mi sínú ọkọ̀ yẹn mọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ má wọ̀ ọ́.

Òní Jímọ̀ọ̀ ni ìwé yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Àlàrùbá tí ẹ ní ẹ máa lọ sí Ìbàdàn ti kọjá. Mo ti pe nọ́ńbà ilé Alhaji Shehu láti àárọ̀. Ó ń dún bí ẹni pé wọ́n ti já wáyà rẹ̀. Mo lọ bá Múdàṣírù, ọmọ ìdí-ilé wa láti Ìlọrin tó ń gbé níhìn-ín, ó bá mi pe àwọn ènìyàn tirẹ̀ nílé, kò lọ. Ìwé nìkan ló kù. Mo sì mọ̀ pé kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Kì í ṣe oòrùn. Kì í ṣe ibà. Èéfín ni. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín mọ́tò tí kò ní òórùn, tí ojú kò lè rí. Kó tó dé sàlẹ́ńsà tó ń tú u síta lẹ́yìn ọkọ̀ ló ti ń jò níbi tí irin yẹn ti sán, ó ń kún abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì ń gba ihò wáyà wọlé níbi tí Ìyá mi ń na ẹsẹ̀ sí. Tí gíláàsì bá ṣí sílẹ̀, á fẹ́ jáde. Tí ẹ bá ti gbogbo rẹ̀ pa, inú ọkọ̀ ló ń dúró sí. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó ló ń kọ́kọ́ mú. Orí á fọ́ ọ, á bì, oorun á kùn ún, kò sì ní mọ̀ pé oorun náà kì í ṣe oorun. Níhìn-ín, nígbà òtútù, ó máa ń pa ènìyàn nínú ọkọ̀.

Mo ka ìwé yín fún ọ̀gá mi ní ṣọ́ọ̀bù, mo ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń kà á. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti ní ẹ ó tẹ́ fóòmù sẹ́yìn kí ẹ sì ti gíláàsì, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Inú oṣù kọkànlá lẹ ti kọ ọ́ sí mi pé orí ń fọ́ Ìyá mi nígbàkígbà tí wọ́n bá lọ sí Oke-Oyi. Ojú ìwé kan náà ni ọ̀rọ̀ irin tó sán àti ọ̀rọ̀ orí fífọ́ wà. Mo dáhùn ọ̀kan, mo dáhùn èkejì, n kò so wọ́n pọ̀.

Bàbá mi, ẹ tètè fèsì. Kódà bó jẹ́ ìlà kan péré.

Hùmúàní


Houston, Texas
17 Oṣù Kejì, 1992

Bàbá mi,

Mo kí yín. N kò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Múdàṣírù ń bọ̀ nílé lọ́sẹ̀ yìí. Òun ló gbé irin yìí dání, ó wúwo, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gáskẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tí wọ́n ń tẹ́ sáàárín irin àti ẹ́ńjìnnì, àti bóòtù tuntun wà nínú ọ̀rá. Ẹ bá mi ka èyí sí Jídé létí:

Kó rin àwọn bóòtù àtijọ́ ní kẹrosíìnì kó tó tú wọn, kó má fi agbára yí wọn. Kó ha ojú ẹ́ńjìnnì mọ́ kó tó lẹ gáskẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn. Kó má ṣe fi òòlù kan irin tuntun yìí rárá, irin dídà ni, á sán. Láti àárín ni kó ti máa dì í lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, díẹ̀díẹ̀. Kó tó ṣíná, kó yọ wáyà iná púlọ́ọ̀gì, kó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí lófìfo díẹ̀ kí òróró lè dé inú tọ́bò. Tí ọkọ̀ bá gbóná, kí ẹ pa á, kó tutù pátápátá, kó sì tún àwọn bóòtù dì. Kó fi rọ́bà dí ihò wáyà lọ́dọ̀ ẹsẹ̀ Ìyá mi.

Bóyá mò ń kọ èyí sí ilé tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, n kò mọ̀. Mò ń kọ ọ́ ná.

Hùmúàní


Adéwọlé, Ìlọrin
20 Oṣù Kejì, 1992

Hùmúàní ọmọ mi,

Èmi Sàfúrátù ìyá rẹ ni mò ń sọ̀rọ̀, Àìṣà ló ń bá mi kọ ọ́. Mo wà láàyè. Bàbá rẹ wà láàyè. Sinmi.

Ìwé rẹ dé lánàá. Bàbá rẹ kà á tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó jáde lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó kàn ń wò ó títí wọ́n fi pe ìrun Mágàríbà.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Lẹ́yìn tí mo dákú yẹn, mo ń rò ó. Mo ti wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Oke-Oyi nígbà ìkórè àgbàdo, a há mọ́ra wa bí ẹja nínú agolo, orí kò fọ́ mi. Mo bá bàbá rẹ lọ nínú ọkọ̀ tó rọ̀ bí òwú, orí fọ́ mi. Mo sọ fún un. Ó ní ṣé mo fẹ́ sọ pé ọkọ̀ tí ọmọ mi rà ló ń mú mi ṣàìsàn. 

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìbàdàn, ó ti tẹ́ fóòmù sẹ́yìn, ó ti fi ìrọ̀rí sí i. Mo gbé àpò mi, mo ní bọ́ọ̀sì ni èmi máa wọ̀ l'Ọ̀fà Garage. Ó ní, "Ìyá Hùmúàní, ṣé ọkọ̀ ọmọ rẹ lo kọ̀ yìí, lójú ará àdúgbò?" Mo ní, "Ẹ má bínú. N kò kọ ọkọ̀ ọmọ mi. Orí mi ni mò ń ṣọ́." Ó bínú gan-an. Mo wọ bọ́ọ̀sì, òun náà gbé ọkọ̀ rẹ̀ tẹ̀lé wa. Ó ń fun fèrè, ó ń ju ọwọ́ sí awakọ̀ pé kó dúró kí n sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo èrò ń wẹ̀yìn. Obìnrin kan ní, "Ẹ̀yin ará, ta ni bàbá yìí ń lé?" Mo fi ìborùn bojú.

Ó kù díẹ̀ ká dé Ògbómọ̀ṣọ́, n kò rí i mọ́.

Mo dé Ìbàdàn, mo rí dókítà. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó ní kò burú tó bí wọ́n ṣe sọ. Ó bi mí bóyá mo máa ń dáná èédú nínú yàrá tí a tì pa. Mo ní rárá. Ó mi orí. Ọjọ́ kejì ni bàbá rẹ tó yọ, inú bọ́ọ̀sì ló sì ti sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wú. Ó ní òun dúró kí ọ̀rẹ́ kan lọ́nà ni, ilẹ̀kùn ló há òun lọ́wọ́. Mo ní ẹ kú ìrìn.

Jídé ló wá tú u fún mi. Oorun gbé e níbi tó ti ń wakọ̀, ọkọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà wọ oko ẹ̀gẹ́ lọ. Àwọn àgbẹ̀ ló fà á jáde, wọ́n gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ wà kí ojú rẹ̀ tó wálẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Jídé ló lọ fi lọ́rí gbé ọkọ̀ náà wálé. N kò tíì jẹ́ kó mọ̀ pé mo ti gbọ́.

Hùmúàní, má fi ọ̀rọ̀ líle ránṣẹ́ sí i. Ọkùnrin tí kò gbá adìyẹ rí láti ọjọ́ tó ti ń wakọ̀. Ohun tó dùn ún kò sí lójú ìwé.

Ìyá rẹ ni


Adéwọlé, Ìlọrin
14 Oṣù Kẹta, 1992

Hùmúàní,

Ààwẹ̀ ti wọlé, a ń gbà á, ooru mú. Múdàṣírù ti dé ní àlàáfíà. Inú agbádá méjì ló wé irin náà sí. Ó ní ní pápákọ̀ òfuurufú wọ́n da ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ní kí ni èyí. Ó ní irin èéfín. Wọ́n ní ṣé kò sí irin ní Nàìjíríà ni.

Mo wo irin náà dáadáa. Orúkọ àwọn tó ṣe ọkọ̀ kò sí lára rẹ̀. Ojúlówó ni mo bá ọ sọ, ayédèrú lo fi ránṣẹ́. Mo ti rí ohun tí ayédèrú ń fi ojú ọkọ̀ rí. N kò ní lò ó.

Ọ̀rọ̀ kejì. O kọ̀wé sí mi bí ẹni pé mo kó ìyá rẹ sínú àpótí èéfín kí n lè rí òkú rẹ̀ gbé. Àìṣà ti mọ̀, Alhaji Shehu ti mọ̀. Lánàá ni ìmáàmù mọ́sáláṣí wa bi mí pé, "Alhaji, ọ̀rọ̀ èéfín yẹn ńkọ́?" Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń ka iye tó wà lára táyà, o ò tíì ga tó táyà náà lọ́jọ́ yẹn.

Mo ti fi tapólì bo ọkọ̀. Ọkùnrin kan ní Ọ̀fà Garage fẹ́ rà á bó ṣe wà. Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, n ó tà á fún un, ariwo á tán.

Bàbá rẹ,
Àbdùlkàdírì


Houston, Texas
5 Oṣù Kẹrin, 1992

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Ọlọ́hun á gba iṣẹ́ wa. Àwa tó wá láti Ìlọrin pàdé nílé Múdàṣírù, ìyàwó rẹ̀ se tùwó, a jẹ, a rántí ilé.

Mo tọrọ àforíjì fún bí mo ṣe kọ̀wé. Ẹ̀rù ló bà mí. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí n kò mọ̀ bóyá mo ṣì ní ìyá. Tí ẹ̀rù bá ba ènìyàn báyẹn, kì í rántí pé àwọn mìíràn máa gbọ́. N kò kọ ọ́ láti fi yín sùn.

Ọ̀rọ̀ irin náà: kì í ṣe ayédèrú. Ayédèrú ni èyí tó ń jí orúkọ ẹlòmíì lò. Orúkọ àwọn tó rọ èyí wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ yí i padà. Mo gbé e lé orí gíláàsì pẹrẹsẹ ní ṣọ́ọ̀bù wò bóyá ojú rẹ̀ tẹ̀. Mẹ́ta ni mo kọ̀ kí n tó mú èyí. Tí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, ẹ gbé e lé ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́, kí ẹ fọwọ́ wọn bí méjèèjì ṣe nípọn sí.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín. Tí ẹ bá máa tà á, ẹ tà á. Àmọ́ ẹ má tà á bó ṣe wà. Ẹni tó bá rà á máa gbé aya rẹ̀ sí i, á gbé ọmọ sí i, á yí gíláàsì sókè nítorí òjò. Kò ní sí ẹni tó máa kọ̀wé sí i.

Mo kúnlẹ̀.

Hùmúàní


Adéwọlé, Ìlọrin
11 Oṣù Karùn-ún, 1992

Hùmúàní ọmọ mi,

Ọlọ́hun kó dá ẹ̀mí rẹ sí fún wa. Ìwé rẹ pẹ́ kó tó dé, ìdí nìyí tí ìdáhùn mi náà fi pẹ́.

Ọkùnrin tó fẹ́ ra ọkọ̀ wá kí ìwé rẹ tó dé. Ó mú ìyàwó rẹ̀ dání, ìyàwó pọn ọmọ. Obìnrin náà tú ọmọ sílẹ̀, ó jókòó síwájú, ó gbé e lé itan, ó ń yí gíláàsì sókè, ó ń yí i sísàlẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀. Mo ní n kò tà mọ́. Ọkọ rẹ̀ ní ṣé mo fi òun ṣẹ̀sín ni. Mo ní kó má bínú, ọkọ̀ náà kò dáa. Ó ní òun mọ̀ pé kò dáa, ìdí tí òun fi fẹ́ rà á bó ṣe wà nìyẹn. Mo ní kò mọ̀ ọ́n. Ó bú mi lọ. Nígbà tí ìwé rẹ wá dé, tí mo rí ohun tó o kọ sí ìparí, mo gbé e fún ìyá rẹ, mo ní kí Àìṣà kà á fún un.

Mo yí irin náà padà, mo rí orúkọ àwọn tó rọ ọ́. Mo gbé méjèèjì lé ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Mo ti gbọ́ ohun tó o sọ.

Jídé wá sílé, n kò fẹ́ kó ṣe é ní gáréèjì tí èrò pọ̀ sí. Ó ti rin àwọn bóòtù ní kẹrosíìnì láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Síbẹ̀, ọ̀kan ṣẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì. A fi ọjọ́ kan gbáko wá bí a ó ṣe yọ ọ́. Ó fi ẹ̀rọ lu àárín rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, èmi ń di iná tọ́ọ̀ṣì mú fún un, ọrùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ó jáde láì ba ojú ihò jẹ́.

Nígbà tí a gbé irin tuntun dé e, ihò ìkẹyìn kò ṣe déédéé pẹ̀lú bóòtù rẹ̀. Ó kù bí ìbú èékánná. Jídé gbé òòlù.

Mo ní, "Sọ òòlù yẹn sílẹ̀."

Ó ní, "Alhaji, ẹ̀ẹ̀kan péré ni n ó kàn án."

Mo ní, "Hùmúàní kọ ọ́ sínú ìwé pé a kò gbọdọ̀ fi òòlù kan irin náà."

Ó wò mí. Ó ní, "Hùmúàní ọmọ yín?"

Mo ní, "Òun náà. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn níbẹ̀. Ohun tó mọ̀ nìyẹn."

Ó fi fáìlì ha ihò náà títí ó fi wọlé. A dì í láti àárín. A yọ wáyà púlọ́ọ̀gì, a jẹ́ kó yí lófìfo kí òróró dé inú tọ́bò. Nígbà tí a wá ṣíná sí i, èéfín funfun díẹ̀ jáde lára òróró tó ta sí irin, ó sì mọ́. Kò ké. Èmi àti Jídé dorí kodò, a ń tẹ́tí. Jídé fi ẹ̀yìn ọwọ́ yí gbogbo ẹ̀gbẹ́ gáskẹ́ẹ̀tì ká láti ọ̀nà jíjìn díẹ̀, kò sí atẹ́gùn tó ń fẹ́ síta. A pa á, ó tutù, ó tún bóòtù dì. Rọ́bà sílípáàsì ni a fi dí ihò wáyà, ó há dáadáa.

Ìyá rẹ kò tíì gbà láti wọ̀ ọ́. Èmi náà kò fi tipátipá mú un. Èmi nìkan ni mò ń wà á lọ sí oko tí mo ń wà á bọ̀, mo ti gbogbo gíláàsì pa. Orí kò fọ́ mi. Ìyá rẹ máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí mo bá dé, á wo ojú mi dáadáa, á wọlé lọ. Má bi mí ní nǹkan kan nípa Ògbómọ̀ṣọ́. Mo mọ̀ pé ìyá rẹ ti mọ̀.

Sátidé tó kọjá, ó kàn jáde pẹ̀lú àpò rẹ̀, ó jókòó síwájú. Mo ṣíná. A dé Oke-Oyi, a fi ewé bo orí ebè. Nígbà tí à ń bọ̀, òjò ńlá bẹ̀rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí gíláàsì sókè. Nígbà tó yá, ó dákẹ́.

Mo ní, "Ìyá Hùmúàní."

Ó ní, "Hẹn."

A lọ síwájú díẹ̀. Mo tún pè é. Ó ní, "Mo gbọ́." Mo tún pè é nígbà tí a kọjá afárá. Kò dáhùn. Mo yà sẹ́bàá ọ̀nà, mo tẹ bíréékì, mo na ọwọ́ sí ihò imú rẹ̀.

Ó la ojú kan. Ó ní, "Bàbá Hùmúàní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sùn."

Ó sùn títí a fi délé. Òjò kò dá, n kò sì sáré.

Bàbá rẹ,
Àbdùlkàdírì